Omi tó mọ́ gaara kọ́ ni omi tó dára: ohun tí kànga méjì fi ojú mi rí ní Madera

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé kan pẹ̀lú ilẹ̀ éékà márùn-ún lẹ́bàá Chowchilla, pé kànga ẹ̀rọ ni ẹ ń lò, pé omi rẹ̀ tutù, ó mọ́ gaara, kò rùn rárá. O ní ìyàwó rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, pé ó máa ń se gbogbo omi tí ẹ ń mu kí ọkàn yín lè balẹ̀, àti pé ẹni tó ń gbẹ́ kànga ládùúgbò ti gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbẹ́ ẹ jìn sí i, torí omi ìsàlẹ̀ ló dára jù. O wá béèrè bóyá kí ẹ gbẹ́ ẹ, tàbí kí ẹ kàn ra jọ́ọ̀gì asẹmi.

Ẹ má tíì gbẹ́ nǹkan kan. Ẹ má sì tíì ra nǹkan kan. Mo sì bẹ̀ ọ́, ẹ má fi omi yẹn po mílíìkì ọmọ títí ẹ ó fi gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀nà tí o fẹ́ tọ̀ yìí, mo ti tọ̀ ọ́ rí. Owó ńlá ló bá a lọ, ṣùgbọ́n owó yẹn kò dùn mí tó omi tí mo fún ọmọ mi mu.

Ọdún 2013 la ra ilé tiwa, ní apá ìwọ̀ oòrùn Madera, ní ìpínlẹ̀ California níbí. Nígbà tí a bí ọmọ wa kẹta, ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó láti bá wa tọ́jú rẹ̀. O mọ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe sí ọ̀rọ̀ omi. Nílé, ohun tó ń bẹ nínú omi tó ń pani ni kòkòrò: onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, sòbìà láyé ọjọ́un. Wọn á da álọ́ọ̀mù sí i, wọn á jẹ́ kó silẹ̀, wọn á sè é títí yóò fi hó dáadáa. Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà nìyẹn, ó sì ṣiṣẹ́. Torí náà màmá ń se omi ọmọ yìí ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ń jẹ́ kó hó pẹ́ dáadáa, pẹ̀lú ìfẹ́ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a nínú ilé ìdáná, ó ń fi ìdí ṣíbí ha ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù. Ohun funfun kan ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó le bí ìkarahun ẹyin, ó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ó ní, “Omi yín yìí ní ẹfun nínú o.” Mo ní kò sí nǹkan níbẹ̀, pé omi ibí kàn le ni. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù méjì, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì béèrè irú omi tí a fi ń po mílíìkì rẹ̀. Mo ní omi kànga, ṣùgbọ́n a máa ń sè é. Obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí a má ṣe fún un ní ẹ̀kán kan sí i nínú omi yẹn títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí èsì jáde, nitrate inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó máa ń jáde láti ara ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, jẹ́ mílígíráàmù 14 nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ 10 ni òfin gbà. Uranium, irin olóró kan tó máa ń wà nínú òkúta, jẹ́ máíkírógíráàmù 38, bẹ́ẹ̀ 30 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà. Nitrate tó bá pọ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìkókó lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Ètè ọmọ á di àwọ̀ aró, ó sì lè pa á. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa wò, kò tíì dé ibẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n màmá mi kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé òun lòun ń fún ọmọ-ọmọ òun ní májèlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìyàwó rẹ gbọ́ rèé, kí o sì sọ ọ́ fún un ní sùúrù: iná máa ń pa ohun abẹ̀mí. Nitrate kì í ṣe ohun abẹ̀mí, uranium kì í ṣe ohun abẹ̀mí, arsenic, májèlé mìíràn tó máa ń wà nínú ilẹ̀, náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi bá ń hó, omi nìkan ló ń bá ooru lọ. Tí o bá gbé lítà méjì kaná tó wá ku lítà kan àbọ̀, gbogbo ohun tó wà nínú lítà méjì yẹn ló ti kó jọ sínú ohun tó kù. Bí màmá ṣe ń sè é pẹ́ tó ni májèlé inú rẹ̀ ń ki sí i.

O lè sọ pé àwọn àgbẹ̀ ló fà á. Ti nitrate, òótọ́ ni: ajílẹ̀ ni, àti ìgbẹ́ màlúù láti àwọn oko oníwàrà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó da uranium sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òkè Sierra Nevada tó wà ní ìlà oòrùn wa, akọ òkúta ni wọ́n, uranium sì wà nínú akọ òkúta láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Àìmọye ọdún ni odò ti fi ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, tó ń wọ́ ọ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a ń gbé yìí. Ó lẹ̀ mọ́ iyanrìn, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí bomi rin oko lọ́dọọdún ló di wàhálà. Gbòǹgbò irúgbìn àti kòkòrò inú ilẹ̀ ń mí, èémí wọn ń wọnú omi tó ń jò lọ sísàlẹ̀, ó sì ń di ohun tí wọ́n ń pè ní bicarbonate. Bicarbonate yìí ló ń di uranium mú tó ń já a kúrò lára iyanrìn. Àwọn olùwádìí méjì ní Yunifásítì Nebraska tún kọ ọ́ ní 2015 pé nitrate pàápàá lè tú uranium sílẹ̀, wọ́n sì rí àwọn méjèèjì pa pọ̀ lábẹ́ Central Valley, pẹ̀tẹ́lẹ̀ wa yìí, àti lábẹ́ High Plains, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá tó wà láàárín Amẹ́ríkà.

Ẹfun inú kẹ́tùlù màmá ńkọ́? Bicarbonate náà ni, òun àti kálísíọ́ọ̀mù, tí iná sọ di ẹfun. Kì í ṣe gbogbo omi tó bá ń fi ẹfun sílẹ̀ ló ní uranium o. Ohun tó máa ń gbé e rìn ló pọ̀ nínú omi wa, ojú màmá sì rí i ṣáájú tèmi.

Ọ̀dá òjò ọdún 2012 sí 2016 ló wá bá wa lórí èyí. Kànga àwọn aládùúgbò ń gbẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí àwọn oko álímọ́ńdì ń fa omi tọ̀sán tòru. Tiwa, tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 240, bẹ̀rẹ̀ sí tu afẹ́fẹ́ àti iyanrìn. Ẹni tó ń gbẹ́ kànga sọ ohun kan náà tí wọ́n sọ fún ọ: pé omi ìsàlẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ajílẹ̀. Kò parọ́. A yá owó, ẹgbẹ̀rún dọ́là 31, ó gbẹ́ ẹ dé 520. Omi tó jáde tutù bí yìnyín. Ó ń rùn díẹ̀ bí ẹyin tó ti bàjẹ́, òórùn náà sì ń lọ tó bá ti wà nínú ife fún ìṣẹ́jú díẹ̀. A yẹ̀ ẹ́ wò: nitrate kò tó nǹkan, uranium kéré. A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kìkì ohun méjì tó ti bù wá jẹ la yẹ̀ wò. Ó lé lọ́dún kan kí ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ omi ní ìlú kékeré kan nítòsí tó bi mí pé, “Arsenic ńkọ́?” Máíkírógíráàmù 27 ni, bẹ́ẹ̀ 10 lòfin gbà. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti ń mu ún.

Lábẹ́ apá ibi tí a wà yìí, ìpele amọ̀ ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Corcoran Clay. Omi tó ti pẹ́ gan-an ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, irú omi bẹ́ẹ̀ sì máa ń tú arsenic kúrò lára ìpẹtà irin tó wà nínú ilẹ̀. Amọ̀ náà tún ní tirẹ̀ nínú. Ṣé o mọ bí a ṣe ń fún ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gàrí? A ó rin ín, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé jáàkì lé e. Omi tó ń kán lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe omi mímu, ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí a bá ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹrù orí ilẹ̀ á tẹ amọ̀ náà, omi tó ti há sínú rẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún á sì fún jáde, pẹ̀lú arsenic nínú. Nítòsí Mendota, ìlú kan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ wa yìí, wọ́n ya fọ́tò òpó kan ní 1977 tí wọ́n kọ ọdún sí lára: ibi tí ilẹ̀ wà ní 1925 ti fi nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án ga ju ilẹ̀ tí ọkùnrin tó wà nínú fọ́tò náà dúró lé lọ. Bí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ náà tó nìyẹn. Ní 2018 àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford fi hàn pé ibi tí ilẹ̀ bá ti ń rì láìpẹ́ yìí, arsenic inú kànga ibẹ̀ máa ń ga. Wọ́n ní tí a bá dín fífa náà kù, omi náà lè tún ṣe. Èyí fún mi nírètí díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo ń fa omi àwọn oko ńlá.

Àwọn ará Bangladesh máa ń wá sí mi lọ́kàn. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga kékeré níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, kí omi adágún má baà máa fi ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ. Kànga wọ̀nyẹn gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru, arsenic sì wà nísàlẹ̀ tó ń dúró de wọn. Nígbà tó yá, ọ̀dà pupa ni wọ́n ń kùn sí ẹnu kànga tí kò dára, ọ̀dà aláwọ̀ ewé sí èyí tó dára, torí kò sí ohun mìíràn tí ojú lè fi dá wọn mọ̀.

Ní ti jọ́ọ̀gì asẹmi tí o béèrè, ìyẹn tó ní èédú nínú, má gbọ́kàn lé e. Kì í mú nitrate, kò sì ṣeé gbára lé fún arsenic àti uranium. Ẹ̀rọ oníyọ̀ tó ń mú omi rọ̀ náà kì í yọ arsenic. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ síńkì, tí wọ́n ń pè ní RO (reverse osmosis), tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kan kọjá, ló ń yọ nitrate àti uranium dáadáa. Ṣùgbọ́n ti arsenic ní wàhálà tirẹ̀. Mo so tèmi, mo yẹ omi tó jáde wò, 12 ló sọ̀ dé, kò lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀. Oríṣi méjì ni arsenic inú omi; oríṣi tó máa ń wà nínú omi ìsàlẹ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró nínú RO, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń kọjá. Ó di ìgbà tí mo fi táǹkì kékeré kan síwájú rẹ̀, tí chlorine ń kán sí, kí oríṣi àkọ́kọ́ yẹn lè yí padà di èkejì, tí èédú sì ń gba chlorine tó kù kó má baà ba RO jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 2. Nítorí náà, tí èsì yín bá ní arsenic, sọ fún yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n sọ oríṣi tó jẹ́ kí o tó náwó.

Ẹ lè fi omi náà wẹ̀, ẹ lè fi fọṣọ. Inú ló ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀bà, omi ìrẹsì, omi ẹ̀wà, mímu ni gbogbo wọn. Omi tí a ti sẹ́ ni kí ẹ fi dáná. Arsenic kì í pani lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ṣiṣẹ́, jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti awọ ara. Uranium ní tirẹ̀, kíndìnrín ló ń bá jà.

Má retí pé ìjọba á wá yẹ̀ ẹ́ wò fún yín. Òfin omi mímu Amẹ́ríkà ti 1974 kò dé orí kànga àdáni. Èsì kànga aládùúgbò rẹ kì í sì í ṣe tìrẹ. Ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi kò ní arsenic tó 4. Ṣùgbọ́n Chowchilla wà lára àwọn ibi tí ètò nitrate ti Central Valley ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń yẹ kànga wò lọ́fẹ̀ẹ́, tí nitrate bá sì ju ìwọ̀n lọ, wọn á máa gbé omi inú ike wá. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ọmọ tó dé. Nitrate ló gbé ètò náà dìde, torí náà kí o fúnra rẹ béèrè nípa arsenic àti uranium, kódà bó bá jẹ́ owó ara yín ni ẹ ó fi san án. Ẹ tún un ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ẹ̀rọ ń fa omi, àti nígbà òtútù. Tèmi jẹ́ 27 nínú oṣù kẹjọ, 19 nínú oṣù kejì.

Wá ìwé tí ẹni tó gbẹ́ kànga yín kọ fún ìpínlẹ̀ nígbà náà. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wo bí ó ṣe jìn tó, wo ibi tó ti kan amọ̀, àti ibi tí wọ́n ti lu páìpù ní ihò. Tí èsì bá sì dé, wò ó dáadáa bóyá nitrate “as N” ni wọ́n kọ (nitrogen inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n kà) tàbí “as NO3” (gbogbo nitrate náà ni wọ́n kà). 10 ni òpin fún ti àkọ́kọ́, 45 ni fún èkejì. Mo mọ ẹni tó rí 40 “as NO3” tó sì rò pé òun ti kú, mo sì mọ ẹni tó rí 12 “as N” tó rò pé kò séwu torí ó kéré sí 45. Kọ gbogbo nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi bó ṣe wà lórí ìwé, a ó jọ kà á.