Sáfà kan, iṣẹ́ méjì: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí VM

Ìbéèrè láti Abẹ́òkúta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ilé ìtajà oògùn la ní, àwa mẹ́wàá la sì ń lo kọ̀ǹpútà níbẹ̀. A ra sáfà tòkúnbọ̀ kan (server, kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà yòókù), Dell PowerEdge T430, tó ní CPU Xeon E5-2620 v4 kan ṣoṣo, RAM 32 GB àti SSD méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 960 GB. A fẹ́ kó gbé sọ́fítíwíà ìṣírò owó wa tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows Server, kó sì tún jẹ́ ibi tí gbogbo wa á máa kó fáìlì sí. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ká ra ẹ̀rọ kejì, pé iṣẹ́ méjèèjì kò gbọdọ̀ wà lójú kan. Ṣé òótọ́ ni? Bí VM (virtual machine) bá lè ṣe é, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Òótọ́ ló sọ pé iṣẹ́ méjèèjì kò gbọdọ̀ wà lórí Windows kan náà. Bí fáírọ́ọ̀sì bá gba ibi tí ẹ ń kó fáìlì sí wọlé, ìwé owó yín á bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ò nílò ẹ̀rọ kejì fún ìyẹn. VM jẹ́ kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà dá sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gidi: ó ní RAM tirẹ̀, dísíìkì tirẹ̀, Windows tàbí Linux tirẹ̀, bí ọ̀kan bá sì kú, èkejì á máa ṣiṣẹ́ lọ. CPU sáfà yín ní core 8 (ọpọlọ mẹ́jọ) àti thread 16 (iye iṣẹ́ tó lè máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà). Ó tó iṣẹ́ yìí, ó tún ṣẹ́ kù. Ohun tó yẹ kó ká yín lára ni dísíìkì àti iná, torí ibẹ̀ ni irú iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́.

Proxmox VE, sọ́fítíwíà tó ń dá VM sílẹ̀ tó sì ń bójú tó wọn, la máa gbà yín níyànjú pé kí ẹ lò. Iléeṣẹ́ kan ní ìlú Vienna ní Austria ló ń ṣe é, orí Debian (irú Linux kan) ló dúró lé, ẹ sì lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Hyper-V, irú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Microsoft, náà dára fún ẹni tó bá mọ Windows dunjú. Ti VMware ESXi ọ̀fẹ́, irú rẹ̀ mìíràn, Broadcom tó ni VMware dá a dúró ní oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n tún dá a padà ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ohun tó lè lọ, tó lè bọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbé ìwé owó iléeṣẹ́ lé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú BIOS (ètò inú ẹ̀rọ tó ń jí kí Windows tàbí Linux tó dé). Bí sáfà bá ń tàn bọ̀, ẹ tẹ F2. Lábẹ́ Processor Settings, ẹ rí i pé Virtualization Technology wà ní Enabled. Bí ẹ bá fò ó, Proxmox á kìlọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi í sí, ṣùgbọ́n á ṣì wọlé, àfi ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tan VM àkọ́kọ́ tó wá kọ ọ́ síta pé “KVM virtualisation configured, but not available”. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo káàdì PERC, èyí tó ń darí dísíìkì, lábẹ́ Device Settings (H330 tàbí H730 ló sábà máa ń wà nínú T430), kí ẹ yí i kúrò ní RAID mode (káàdì ló ń pa dísíìkì pọ̀) sí HBA mode (káàdì á kàn fi dísíìkì hàn bó ṣe wà). Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa RAID tó bá wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́, nítorí náà ẹ kó ohunkóhun tó bá wúlò lórí dísíìkì náà kúrò ṣáájú.

Kí ló dé tí a fi ní kí ẹ yí i? ZFS, ètò ìtọ́jú dísíìkì inú Proxmox tó máa kọ gbogbo nǹkan sórí SSD méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, fẹ́ máa rí dísíìkì gan-an ni, kì í ṣe òjìji rẹ̀ láti ẹ̀yìn káàdì. Bí káàdì RAID bá kú lórí sáfà tòkúnbọ̀, irú rẹ̀ náà lẹ ó máa wá kiri. Ṣùgbọ́n dísíìkì ZFS, ẹ̀rọ mìíràn tó bá ní Proxmox lórí lè kà á. Ẹ rántí pé 960 GB lẹ ní láti lò, kì í ṣe 1,920, torí ẹ̀dà ara wọn ni SSD méjèèjì. Bí àwọn SSD náà bá sì jẹ́ tòkúnbọ̀, tí ẹ bá ti wọ Proxmox, ẹ wo Wearout (bí SSD ṣe gbó tó) lábẹ́ Disks. Èyí tó bá ti lo ìdajì ayé rẹ̀ kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, kó má bàa jẹ́ pé àwọn méjèèjì á kú lọ́sẹ̀ kan náà. SSD oníléeṣẹ́ tó ní power loss protection (ìdáàbòbò fún ohun tó ń kọ bí iná bá lọ) ni kí ẹ rà. Ti láptọ́ọ̀pù lásán máa ń falẹ̀ gan-an lábẹ́ ZFS nígbà tí sọ́fítíwíà ìṣírò bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ léraléra.

Ẹ kọ ISO Proxmox (fáìlì tí a fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ) sórí fláàṣì 8 GB pẹ̀lú balenaEtcher. Bó bá jẹ́ Rufus lẹ ní, DD mode ni kí ẹ mú. Níbi tó bá ti béèrè dísíìkì, ẹ tẹ Options, ẹ yan zfs (RAID1), kí ẹ mú SSD méjèèjì. Àdírẹ́sì IP tí ẹ máa fún un, bíi 192.168.1.10/24, kò gbọdọ̀ sí lára èyí tí ráútà ń pín fún fóònù àti láptọ́ọ̀pù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ méjì á gba àdírẹ́sì kan lọ́jọ́ kan, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ohun tó fà á. Tó bá parí, láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ wọ https://192.168.1.10:8006 pẹ̀lú orúkọ root. Bráúsà á kìlọ̀ fún yín nípa certificate: sáfà náà ló fọwọ́ sí tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ síwájú. Lábẹ́ Updates, Repositories, ẹ pa gbogbo èyí tó bá ní enterprise lórúkọ, kí ẹ fi No-Subscription kún un. Láìṣe bẹ́ẹ̀, 401 Unauthorized ni ẹ ó máa rí nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ gba àtúnṣe tuntun.

Nígbà tí ẹ bá ń dá VM Windows sílẹ̀, ẹ yan q35 àti OVMF, SCSI controller kó jẹ́ VirtIO SCSI single, dísíìkì kó jẹ́ SCSI 120 GB tí Discard rẹ̀ wà ní títẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó jẹ́ VirtIO lórí vmbr0 (afárá tó so àwọn VM mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín). Ẹ tẹ Qemu Agent (tó ń jẹ́ kí Proxmox bá Windows sọ̀rọ̀) pẹ̀lú. Ẹ gba ISO kejì tó ń jẹ́ virtio-win sílẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ VM náà, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń jókòó wo ojú ara wọn: Windows á ní òun ò rí dísíìkì kankan. Dísíìkì wà níbẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ (driver) ni Windows ò ní. Ẹ tẹ Load driver, ẹ wọ inú vioscsi, lẹ́yìn náà 2k22, lẹ́yìn náà amd64, bó bá jẹ́ Windows Server 2022 lẹ ń lò. Dísíìkì á jáde lójú ẹsẹ̀. Bí Windows bá ti wọlé tán, ẹ ṣí virtio-win-guest-tools.exe láti inú ISO yẹn kan náà. Òun ló máa mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti guest agent wá.

Ibi tí fáìlì máa wà, VM Debian pẹ̀lú Samba (tó ń pín fáìlì fún àwọn Windows) tó o: vCPU 2 (ìpín CPU tí a fún VM), RAM 4 GB, dísíìkì 300 GB. Windows lẹ máa fún ní vCPU 4 àti RAM 12 GB. ZFS á mú ìdá kan nínú mẹ́wàá RAM fún cache rẹ̀, ibi tó ń tọ́jú ohun tó ń lò léraléra (bẹ́ẹ̀ ló rí láti Proxmox 8.1 fún ẹ̀rọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí), ìyẹn bíi 3 GB, ẹ ka 2 GB fún Proxmox fúnra rẹ̀. Ó ku bíi 11 GB. A bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí RAM bá tán lórí sáfà, Linux á wá èyí tó tóbi jù nínú ohun tó ń ṣiṣẹ́, á sì pa á láìbéèrè. Èyí tó tóbi jù lọ́dọ̀ yín ni VM owó.

Ẹ̀yin náà á gbọ́ pé ẹ lè fi Windows Server Standard kan ṣe VM bí ẹ ṣe fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Méjì péré ló gbà láàyè, àfi bí ẹ bá tún ra ìwé àṣẹ mìíràn kún un. Core 16 ló sì kéré jù tí ẹ lè san owó rẹ̀ lórí sáfà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 8 ni tiyín ní. CAL, ìyẹn ìwé àṣẹ fún àwọn tó ń lò ó, tún wà lọ́tọ̀.

Ìbéèrè láti Ìbàdàn: Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ni tiwa. A ti ní Proxmox, a sì ra UPS 1,500 VA. Síbẹ̀, bí NEPA bá mú iná lọ lóru, ẹ̀ẹ̀kan náà ni sáfà ń kú, database wa sì ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà mìíràn, iná á ti dé, sáfà ò ní tàn. Kí la ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: UPS yín kàn ń sún ikú sáfà síwájú ni. Sáfà ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ so wáyà USB UPS náà mọ́ ẹ̀yìn sáfà, kí ẹ fi NUT, sọ́fítíwíà tó ń gbọ́ ohun tí UPS ń sọ, sórí Proxmox fúnra rẹ̀ (kì í ṣe inú VM) pẹ̀lú `apt install nut`. Nínú /etc/nut/nut.conf, ẹ kọ MODE=standalone. Nínú ups.conf, ẹ fún UPS lórúkọ, ẹ kọ driver = usbhid-ups àti port = auto. Ẹ ṣe orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà kan sínú upsd.users, kí ẹ kọ ọ̀kan náà sórí ìlà MONITOR nínú upsmon.conf. Tí ẹ bá wá tẹ `upsc` pẹ̀lú orúkọ UPS náà, tí ẹ sì rí battery.charge, wọ́n ti ń gbọ́ra wọn.

Ọ̀rọ̀ kù níbẹ̀. NUT máa ń dúró dìgbà tí UPS bá ké pé bátìrì òun ti fẹ́ tán. Bátìrì tó ti gbó kì í ké. Á wà ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì bọ́ sí òfo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi ìlà méjì yìí kún ups.conf: `ignorelb` àti `override.battery.charge.low = 50`. Bí bátìrì bá ti dé ìdajì, sáfà á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò àkókò. Proxmox máa ń fún VM kan ní 180 ìṣẹ́jú àáyá láti pa ara rẹ̀ kó tó fipá pa á. Lábẹ́ Options, Start/Shutdown order, ẹ fún VM database ní order 1, VM tó ń lò ó ní order 2: database á kọ́kọ́ tàn, òun ló sì máa kú kẹ́yìn. Ẹ kọ up=60 fún database kó lè ti jí dáadáa kí èkejì tó máa wá a. Àròpọ̀ àkókò ìpaná gbogbo wọn kò gbọdọ̀ ju ohun tí ìdajì bátìrì lè gbé lọ.

Ti sáfà tí kì í tàn: iná ti padà dé nígbà tí sáfà ń pa ara rẹ̀, UPS ò sì tíì kú rárá. Lójú sáfà, iná ò lọ rí, kí ló máa wá jí i? Ẹ rí i pé ìlà POWERDOWNFLAG wà nínú upsmon.conf. Lẹ́yìn tí sáfà bá kú tán, òun ló ń jẹ́ kí NUT sọ fún UPS pé kó gé iná, kó sì tún gbé iná jáde nígbà tí NEPA bá dé. Nínú BIOS, ẹ fi AC Power Recovery sí On, kí ẹ fún un ní ìdádúró bíi 120 ìṣẹ́jú àáyá. Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe máa ń dé, tó máa ń lọ, tó tún máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ẹ yọ UPS lára ògiri lọ́jọ́ tí kò síṣẹ́, kí ẹ dúró tì í títí sáfà á fi kú tí á sì tún tàn. Ẹ má gbà á gbọ́ títí dìgbà tí ẹ bá fojú ara yín rí i. Ínfátà tó bá ń gbé iná wá fún UPS náà, pure sine wave (iná tó rí bíi ti NEPA gan-an) ni kó jẹ́.

Ìbéèrè láti Òṣogbo: Mo máa ń ya snapshot VM iléèwé wa ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ṣé mo ti ní backup nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ jọ̀wọ́. Snapshot jẹ́ àwòrán bí VM ṣe wà ní àkókò kan, orí dísíìkì kan náà ló sì wà pẹ̀lú VM. Bí dísíìkì bá lọ, ó bá a lọ. Bí olè bá gbé sáfà, ó gbé e lọ. Ohun tí snapshot wúlò fún ni kí ẹ tó fi àtúnṣe tuntun sórí Windows, kí ẹ lè padà sẹ́yìn bí ó bá bàjẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ pa á rẹ́. Ńṣe ló ń tóbi sí i lójoojúmọ́ bí VM bá ṣe ń kọ nǹkan, ZFS tó bá sì ti kún kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Bó bá kún pátápátá, àwọn VM á dá dúró pẹ̀lú io-error.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ wá NAS kékeré (àpótí dísíìkì orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tàbí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní dísíìkì tó tó, kí ó wà ní yàrá mìíràn, kí ẹ fi kún Proxmox gẹ́gẹ́ bí storage NFS (ọ̀nà tí Linux fi ń lo dísíìkì orí ẹ̀rọ mìíràn). Lábẹ́ Datacenter, Backup, ẹ fi í sí aago mẹ́sàn-án alẹ́, Mode kó jẹ́ Snapshot (orúkọ ló jọ, backup gidi nìyí), Compression kó jẹ́ ZSTD, kí ẹ pa 7 ti ojoojúmọ́ àti 4 ti ọ̀sẹ̀ mọ́. Ẹ̀dà kan lọ́sẹ̀ kó wà lórí dísíìkì USB tó ń kúrò nínú ọgbà.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ gbé ọ̀kan jí. Ẹ tẹ Restore, ẹ fún un ní nọ́ńbà VM tuntun, kí ẹ sì lọ sí Hardware láti tẹ Disconnect lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kí ẹ tó tàn án. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, ẹ ó ní sáfà méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan, tó ń lo IP kan, àwọn olùkọ́ á sì máa kọ máàkì sínú èyí tí ẹ fẹ́ parẹ́. Ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ wá orúkọ ọmọ kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ lánàá. Bó bá wà níbẹ̀, backup nìyẹn.

Ìbéèrè láti Ìlọrin: Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé yàrá tí sáfà wà. Ṣé mo lè fi Wi-Fi ṣe vmbr0?

Ìdáhùn: Kò ní ṣiṣẹ́. Àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà tí a fi ń dá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀) tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Wi-Fi nìkan ni Wi-Fi ń gbà wọlé, VM kọ̀ọ̀kan sì ní MAC tirẹ̀. Ẹ fa wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat6. Mítà 100 ló lè lọ.

Ìbéèrè láti Ṣágámù: Sọ́fítíwíà wa ní dongle USB (kọ́kọ́rọ́ tó gbọ́dọ̀ wà kó tó ṣiṣẹ́), kò sì rí i nínú VM.

Ìdáhùn: Ẹ pa VM náà, ẹ lọ sí Hardware, Add, USB Device, kí ẹ mú Use USB Vendor/Device ID, ẹ ó rí orúkọ dongle náà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní méjì tó jọra, Use USB Port ni kí ẹ mú, torí ID kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ihò tí ẹ bá sì ti yàn, ẹ lẹ ìwé mọ́ ọn lẹ́yìn sáfà, kí ẹni tó bá ń nu yàrá náà má tú u sí ihò mìíràn.