Gbèsè $20,000 láti ka nọ́ọ̀sì ní community college l'Amẹ́ríkà: ṣé owó oṣù á lè san án?

Ẹ ní àbúrò yín tó ní green card fẹ́ yá $20,000 láti fi ka nọ́ọ̀sì ní community college (ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì), ẹ wá ń bẹ̀rù gbèsè. Owó oṣù á san án, bó bá ṣáà ti kàwé náà parí.

Bí èlé bá jẹ́ 5.5%, tó sì fi ọdún 10 san án, nǹkan bíi $217 ni á máa san lóṣù. Ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà ní May 2024 fi hàn pé ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì RN (registered nurse, nọ́ọ̀sì tó ní láísẹ́ǹsì kíkún) ń gba ju $93,600 lọ́dún, ìdajì ò sì tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú wọn o! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì kì í sábà rí tó yẹn. Ìdánwò láísẹ́ǹsì kan náà, NCLEX-RN, sì ni àbúrò yín àti ẹni tó lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì máa ṣe.

Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù ni kó já sílẹ̀ lójú ọ̀nà: gbèsè á wà nílẹ̀, láísẹ́ǹsì ò ní sí. Kó wo iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yege NCLEX ní ilé-ẹ̀kọ́ náà kó tó fọwọ́ síwèé. Kó sì kọ́kọ́ kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, torí Pell Grant tó lè tibẹ̀ rí kì í ṣe owó àyásan. Tó bá jẹ́ New York ló ń gbé, òfin ní kó gba BSN (dìgírì nọ́ọ̀sì ti yunifásítì) láàárín ọdún 10 lẹ́yìn tó bá gba láísẹ́ǹsì. Ẹ ka owó yẹn náà mọ́ ọn.