Tíkẹ́ẹ̀tì ogójì lórúkọ ẹni mẹ́jọ

Aláṣọ kan ní ọjà Gbági, Ìbàdàn, ló kọ̀wé sí mi. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà wọn fẹ́ fi ráfúlù kówó òrùlé gbọ̀ngán ìpàdé jọ: tíkẹ́ẹ̀tì 2,000, ₦2,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan kò gbọdọ̀ ra ju márùn-ún lọ. Obìnrin yìí ra ogójì. Ó kọ ọ́ sórúkọ ara rẹ̀, ọkọ rẹ̀, ọmọ mẹ́rin, àbúrò ọkọ, àti ìyá ọkọ tó ti dolóògbé. Owó àjọ ló fi rà á. Ọkọ ní ojúkòkòrò ni. Àbúrò ọkọ ní yálà èèyàn jẹ tàbí kò jẹ, ìlàjì-ìlàjì ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bí orí bá máa gbè é, ẹyọ kan ti tó. Ó fẹ́ mọ ẹni tó tọ̀nà nínú wọn.

Aláṣọ mi, ẹ kú ọjà o.

Kò sẹ́ni tó tọ̀nà tán. Ti àbúrò ọkọ yín ló rọrùn jù láti tú. Bí mo bá jáde lónìí, mo lè pàdé gómìnà ní Bódìjà, mo sì lè má pàdé rẹ̀. Ọ̀nà méjì náà ni, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn bá mi rán aṣọ tuntun. Ní ti ọ̀rẹ́ yín, mi ò bá orí jà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹni tó ní ogójì fi ìlọ́po ogójì ju ti ẹni tó ní ẹyọ kan. Ibi tí ẹ gbọ́n sí nìyẹn. Síbẹ̀, ogójì nínú 2,000 kò ju ìdá kan nínú àádọ́ta lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó, aláṣọ kì í sá fún ìṣirò. Nínú ẹ̀bùn ráfúlù náà, ẹ ní ọ̀kadà tó ₦1,600,000, fíríìjì ₦500,000, jẹnẹrétọ̀ ₦300,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,400,000. Owó tíkẹ́ẹ̀tì lápapọ̀ jẹ́ ₦4,000,000. Ká ní ẹ̀yin nìkan lẹ ra gbogbo rẹ̀ pátá, kò sí tàbí-ṣùgbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa kó gbogbo ẹ̀bùn lọ, ẹ ó sì ti pàdánù ₦1,600,000. Bí ẹ ṣe ń rà sí i ni ọ̀kadà ń sún mọ́ yín, bẹ́ẹ̀ náà ni àdánù ń pọ̀ sí i. Nínú ₦80,000 tí ẹ fi ra ogójì, ₦32,000 ti di páànù. Kí wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ yín sára òrùlé.

Ẹ ní ẹ̀yin ò sí lára àwọn tó ń ta lọ́tò. Ẹ má bínú, ẹ jókòó tì wọ́n gan-an ni. Nínú lọ́tò tí wọ́n ti ń fa nọ́ńbà 5 nínú 90, ẹni tó mú nọ́ńbà méjì tí méjèèjì sì jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní two sure, ₦240 ni wọ́n ń san fún un lórí ₦1. Méjì-méjì tó ṣeé mú níbẹ̀ jẹ́ 4,005, mẹ́wàá péré ló ń jẹ. Nínú ₦100, nǹkan bí ₦60 ló ń padà wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ráfúlù yín.

Ọkùnrin tí ẹ ní ó ra gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà tó sì jẹ, Stefan Mandel ni. Ní Virginia lọ́dún 1992, nọ́ńbà tó ṣeé mú jẹ́ oríṣi 7,059,052, dọ́là kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀bùn tó wà nílẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 27 dọ́là. Ẹ̀bùn ló ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ níbẹ̀. Síbẹ̀ náà, àwọn èèyàn rẹ̀ ò rí gbogbo rẹ̀ rà tán kí àkókò tó pé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò. Ọkọ yín bú yín nítorí pé ẹ fẹ́ ọ̀kadà. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ta ló ń ra ráfúlù tí kò fẹ́ jẹ? Òfin márùn-ún yẹn ni mo ń wò. Ìyá eléèlùbọ́ tó pa á mọ́, márùn-ún ló ní, ẹ̀yin sì fi orúkọ ẹni mẹ́jọ jókòó lé e lórí. Wọ́n tún ní ẹni tó bá jẹ gbọ́dọ̀ yọjú fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá wá pe ìyá ọkọ yín lórí máíkì lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n máa fa ráfúlù, ta ló fẹ́ dáhùn? Ẹ̀rín pa mí níbi tí mo ti kà á, àmọ́ kò dájú pé yóò pa ọmọ tó bí.

Ẹ lọ bá akápò kí Sátidé tó pé, ẹ sọ òótọ́, ẹ dá márùndínlógójì padà, ti màmá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Àwọn tí kò tíì rà ṣì pọ̀. Bó bá fún yín ní ₦70,000, ẹ má gbé e wọlé, ọ̀dọ̀ alájọ ni kẹ́ ẹ gbà lọ tààrà. Bí kò bá gbà á, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó san án fún alájọ kó tó wá bá yín ní ìsọ̀.