Ghibli ni kí n rà, àbí Daytona?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ Ítálì àtijọ́ kan péré ni mo fẹ́ rà, mo sì fẹ́ máa wà á ni, kì í ṣe kí n gbé e pamọ́. Maserati Ghibli àti Ferrari Daytona ló wọ̀ mí lójú. Èwo ni kí n mú? — Òǹkàwé yín ní Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa wà á lóòótọ́, Ghibli ni. Daytona yá ju ú lọ, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ú lọ ní kọ́nà, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju ti Ghibli lọ fíìfíì.

Giugiaro, ayàwòrán ọkọ̀ ará Ítálì, ló ya Ghibli nígbà tó wà ní ilé-iṣẹ́ Ghia, wọ́n sì gbé e jáde ní Turin ní 1966. Ẹ́ńjìnì V8 (sìlíńdà mẹ́jọ) lítà 4.7 ló ní. Ghibli SS tó tẹ̀ lé e jẹ́ lítà 4.9. Sipíríńgì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ bíi ti lọ́rì. Àwọn kan ń fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò sóhun tó le nínú àtúnṣe rẹ̀. Daytona, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ 365 GTB/4, jáde ní Paris ní 1968: ẹ́ńjìnì V12 (sìlíńdà méjìlá) lítà 4.4, kábúrétọ̀ Weber 6, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn.

Ara Ghibli ló ń gbé owó mì. Ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti igun búùtù, ibẹ̀ ló ti máa ń dógùn-ún. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé mágínẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fà á kọjá lára rẹ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Daytona, ẹ má fòyà bí kò bá lẹ̀: alumíníọ̀mù ni.

Ti Daytona, inú ẹ́ńjìnì ni. Kí mẹkáníìkì mú un gbóná, kó yọ pulọ́ọ̀gì méjèèjìlá, kó tẹ tọ́rótù dé ilẹ̀, kó wá wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá 10 nínú 100 lọ kéré sí ìyókù, ẹ béèrè ìdí. Èéfín aláwọ̀ aró tó bá yọ nígbà tí ẹ tún tẹ tọ́rótù lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, valve guide (ihò tí ọ̀pá fáàfù ń gbà lọ sókè sódò) ló ti jẹ, fáàfù 24 ló sì wà níbẹ̀. Bí jíà kejì bá ń ta kú lówùúrọ̀, ẹ fò ó títí ọ́ìlì yóò fi gbóná. Bó bá ṣì ń ta kú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ná an wálẹ̀ dáadáa.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì bẹntiróò, nítorí E10 (bẹntiróò tí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá 10 nínú 100) ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5, tí ethanol inú rẹ̀ kò ju ìdá 5 nínú 100 lọ, ni kí ẹ máa rà. Kí epo máa jò sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, iná ni.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá fi gééjì (ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì) wò ó láàárọ̀, ọ́ìlì Ghibli mi máa ń lọ sílẹ̀. Ṣé kí n bù sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ má bù ú! Táǹkì ọ́ìlì rẹ̀ dá dúró ni; bí ọkọ̀ bá sun ibì kan, ọ́ìlì á rọra ṣàn lọ sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ wà á títí ọ́ìlì yóò fi gbóná, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kí ẹ tó fa gééjì yọ. Èyí tí ẹ bá bù sí i láàárọ̀, inú fílítà afẹ́fẹ́ ni ẹ ó ti bá a.