Ṣé EMI tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì ló ń sọ àwo BLO di ojúlówó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fẹ́ máa kó gbogbo àwo BLO, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Nàìjíríà, jọ torí mo fẹ́ràn rọ́ọ̀kì psychedelic, èyí tí ìró gìtá rẹ̀ máa ń dà bí àlá. Ẹnìkan fẹ́ ta àwo wọn, Chapter One, fún mi. Ó ní ojúlówó ti 1973 ni torí pé orúkọ EMI, iléeṣẹ́ tó gbé e jáde, wà lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn bébà àárín àwo, páálí rẹ̀ sì ti gbó. Ó ní òun ti fi sípírítì nù ún mọ́. Ṣé kí n sanwó?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó o. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, ó sì ń dùn mí, torí owó ojúlówó làwọn èèyàn ń san lórí àtúntẹ̀.

EMI tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì kò fi nǹkan kan hàn. Iléeṣẹ́ tó bá tún àwo àtijọ́ tẹ̀ lónìí sábà máa ń ya páálí àti lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, orúkọ EMI náà á sì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá gba àṣẹ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹni tó bá gbé irú àtúntẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín pé 1973 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ ló ń purọ́. Páálí tó gbó kì í ṣe ẹ̀rí bákan náà. Ọ̀rinrin Èkó lè sọ páálí tuntun di ògbólógbòó láàárín ọdún mélòó kan. Páálí sì lè jẹ́ ti àtijọ́ lóòótọ́, kí àwo tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òmíràn.

Ara àwo fúnra rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Níbi tí orin ti parí, kó tó kan lébẹ́ẹ̀lì, ibì kan wà tó ń dán, tí kò ní orin kankan lórí. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń ha lẹ́tà àti nọ́ńbà sí, tàbí kí wọ́n fi irin lù ú wọlé. Ẹ ní kó pa iná yàrá, kó tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rá pálá lójú àwo, kó wá ya fọ́tò ojú méjèèjì. Tó bá tan tọ́ọ̀ṣì láti òkè tààrà, dídán nìkan lẹ máa rí. Nọ́ńbà ibẹ̀ yẹ kó bá ti lébẹ́ẹ̀lì mu, kí A wà ní ojú kan, kí B wà ní èkejì. Lára àtúntẹ̀, nọ́ńbà iléeṣẹ́ tuntun tàbí orúkọ ẹni tó gé ipa orin sójú rẹ̀ lẹ sábà máa rí. Fún àwọn àwo BLO tó jáde lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ Afrodisia, ẹ wá lẹ́tà DWAPS níwájú nọ́ńbà.

Ẹ yí páálí padà. Tí bákóòdù tàbí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, torí pé oṣù kẹfà 1974 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka bákóòdù ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ tí kò bá sí bákóòdù, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ojúlówó. Ohun kan tún wà tí etí lè gbọ́: nígbà mìíràn, inú àwo àtijọ́ ni wọ́n ti gba orin àtúntẹ̀ torí pé téèpù rẹ̀ ti sọnù. Tí àwo bá ń dán gbinrin, tí kò síbi tó ha lára rẹ̀, tó sì ń ta pá-pá-pá nínú orin, ẹ fura.

Ní ti sípírítì, àwo BLO kò ní yọ́ nínú rẹ̀, vinyl ni, irú ike kan. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tó wà nínú sípírítì ọjà lè gbẹ mọ́ ojú ipa abẹ́rẹ́, ó sì ń ba lébẹ́ẹ̀lì jẹ́. Ẹ má ṣe dán an wò lára àwo 78 àtijọ́ (èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan), ìyẹn shellac tó ń fọ́ bí tánganran, torí sípírítì ń yọ́ ọ. Kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù kò bójú mu fún èyíkéyìí. Ẹ ra distilled water ní ilé òògùn. Ẹ má lo omi bátìrì, ásíìdì lè wà nínú rẹ̀. Ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí lítà kan nínú distilled water yẹn, ẹ̀kán kan péré. Ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún yípo bí ipa abẹ́rẹ́ ṣe lọ, ẹ má ṣe gé e kọjá. Ẹ fi omi yìí kan náà tí kò ní ọṣẹ ṣan án, kí omi má kan lébẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì gbé e dúró kó gbẹ. Ẹ má sá a sóòrùn, torí ooru ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì tò wọ́n léra.

Tí ẹ bá rí ibi tó ha lójú àwo, ẹ fi èékánná rọra kọjá lórí rẹ̀. Tó bá mú èékánná, á máa ta nígbà tí abẹ́rẹ́ bá kọjá lórí rẹ̀, ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.8 síra wọn, torí ìgbà 33⅓ ni àwo ńlá ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ọṣẹ tó ń wo ìyẹn.

Ẹ ò nílò gbogbo àwo wọn tó bá jẹ́ psychedelic lẹ ń wá. Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Chapter One (1973) àti Phase II (1975) ni ibi tí gìtá rọ́ọ̀kì wọn ti gbóná jù lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Bulky Backside (1980), fọ́ńkì àti dísíkò ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ gbọ́ ọ, Phases 1972–1982, àkójọ orin wọn tí iléeṣẹ́ Strut gbé jáde ní 2001, tó yín, owó rẹ̀ kò sì ní ga tó ti ojúlówó.

Mi ò ní dá iye kankan lé àwo tí mi ò fojú rí, fọ́tò pàápàá kò tó kí n fọwọ́ sọ̀yà. Tí ẹni náà bá kọ̀ láti ya ibi dídán yẹn, ẹ fi àwo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.