Èló ni wọ́n ń gba fún sáfíìsì ẹ̀rọ amúlétutù ilé ní Amẹ́ríkà?

Nǹkan bíi dọ́là 75 sí 200 ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń gbà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kí ooru tó mú. Owó gáàsì tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà mú ilé tutù ò sí níbẹ̀ o. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti ṣọ́ra: gáàsì rẹ̀ kì í jó tán bí epo mọ́tò. Tó bá dín kù, ó ń jò níbì kan ni. Ẹni tó ń rọ gáàsì kún un lọ́dọọdún láìwá ibi tó ń jò, owó yín ló ń fi ṣòfò. Fítà, asẹ́ tó ń gba eruku, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín lóṣooṣù. Ẹ gbé e síwájú gílóòbù tó ń tàn. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá là á kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.