Èsì: Bàbá mi tó ti kú ń wá sójú oorun mi, ṣé dandan ni kí n lọ bá babaláwo?

Àbúrò mi, kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tó o kọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. O ní láti bí oṣù méjì ni bàbá yín ti ń wá sójú oorun ẹ tí wọn kì í sọ̀rọ̀, o fẹ́ mọ̀ bóyá o lè gbé obì àti omi lọ bá wọn fúnra ẹ àbí babaláwo lo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí, pé inú itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin wọ́n sí, àti pé ẹnì kan tó o rí lórí Facebook ní kó o wá náírà 85,000 wá. Jọ̀ọ́, má tíì fi owó yẹn ránṣẹ́. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ohun tójú mi rí ní 2019 nìyẹn. Bàbá mi kú ní 2016, a sin wọ́n sẹ́yìn ilé wọn lábúlé lápá Ìkẹ́rẹ́, a náwó, a pa màlúù, oníkálùkù padà síbi tó ti ń jẹun, èmi padà sí Adó. Ọdún kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, agbádá wọn á tutù rinrin, omi á máa kán sílẹ̀ lára ẹ̀, wọn ò ní sọ nǹkan kan, wọ́n á kàn máa wò mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjà ò sì tà lásìkò yẹn, ni àyà mi bá já.

Ọkùnrin kan tó ní babaláwo lòun, tí mo rí lórí fóònù, ní kí n fi orúkọ mi, orúkọ ìyá mi, fọ́tò èmi àti ti bàbá mi ránṣẹ́, ó bi mí ní gbogbo ohun tó ń ṣe mí, mo rò ó fún un pátá, nígbà tó wá gbé fọ́tò ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń dá Ifá, sórí WhatsApp, ohun tí mo fẹnu ara mi sọ náà ló ń kà padà fún mi, mo sì ń sunkún pé Ifá mọ̀ mí. Àwọn àgbà kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ìwọ lo máa gbé owó sún mọ́ ẹnu, wàá sọ ọ̀rọ̀ ẹ sí i wúyẹ́wúyẹ́, babaláwo ò ní gbọ́, Ifá ló máa sọ ohun tó o bá wá. Tó bá di ká bi í ní bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé ìbò fún ẹ, owó ẹyọ ni bẹ́ẹ̀ ni, egungun ni bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ ẹ lo máa dì wọ́n sí. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ gba ìtàn ayé ẹ tán kó tó dá Ifá, sá fún un.

45,000 ló kọ́kọ́ gbà. Ó ní wọ́n de bàbá mi mọ́lẹ̀ lọ́run, ó gba 120,000. Lẹ́yìn náà ewúrẹ́ dúdú, lẹ́yìn náà aṣọ funfun, ó di 410,000, owó àjọ mi àti owó rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ẹ̀. Owó yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Ó ní kí ìyá mi má lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọjọ́ méje kí ẹbọ lè dà. Ìyá mi gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ torí èmi ni àkọ́bí. Ọjọ́ karùn-ún, láàárọ̀ kùtù, mo bá wọn ní yàrá, wọ́n ń ró ìró, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò dì í mú, ìró ń já bọ́, wọ́n ń gbé e, ó tún ń já bọ́, wọ́n fẹ́ pè mí, ẹnu wọn ti wọ́ sápá kan. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò ní ọsibítù. Títí dòní èmi ni mò ń bá wọn so ìró. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ dá òògùn dókítà dúró torí ẹbọ, ẹ má dá a lóhùn mọ́, òkú yín kọ́ ló rán an.

Mo lọ sí tọ́lọ́pàá. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú owó ìwé wá, ọ̀gá ibẹ̀ wá ń bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́ òrìṣà, pé kí n lọ gbàdúrà. Bánkì ní èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ nọ́ńbà àṣírí. Pásítọ̀ ní kí n lọ kó gbogbo ẹrù bàbá mi jóná. Mo tún pe ọ̀mọ̀wé kan lórí ètò rédíò, wọ́n ń ṣàlàyé pé láti 2005 ni UNESCO ti ka Ifá mọ́ àjogúnbá gbogbo aráyé, mo ní ẹ̀yin sà, mo mọ̀ pé ohun ńlá ni, ẹ kàn sọ bí mo ṣe máa mọ olóòótọ́ fún mi. Wọ́n ní àkókò ti tán. Inú ń bí mi síbẹ̀ tí mo bá rántí, torí gbogbo wọn ló mọ̀wé, kò sí ẹni tó bi mí léèrè ibi tí mo sin bàbá mi sí.

Àbúrò bàbá mi ló bi mí, Bàbá Kékeré là ń pè wọ́n. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù tí wọ́n fi ní, “Wá ulé.” Mo dé abúlé, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Pánù etí òrùlé ti ṣí, gbogbo òjò tó bá ti rọ̀, orí oórì ló ń dà sí tààrà, símẹ́ǹtì ti sán látibi orí dé àárín, omi dúró nínú ẹ̀, ewé ti hù. Ọdún mẹ́ta, kò sí ọmọ kan tó dé ibẹ̀. Mo rántí agbádá tó tutù yẹn, mo jókòó sílẹ̀, mo ké.

Wọ́n ní kí n gbálẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ta omi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n mú obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin (kì í ṣe gbàǹja, awẹ́ méjì ni gbàǹja ní), wọ́n bá bàbá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ rẹ ti dé. Omi ò ní ta sí ọ lára mọ́.” Wọ́n dà á. Méjì ṣíjú, méjì dojú bolẹ̀. Bàbá Kékeré ní obì yàn, pé bàbá mi ti gbà, wọ́n bù jẹ, wọ́n bù fún mi. Símẹ́ǹtì àpò méjì, pánù mẹ́ta àti owó bíríkìlà, ìyẹn ni ètùtù tí mo ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tún rí wọn látìgbà yẹn, ní 2021, wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹ iyán, ara wọn gbẹ.

Mi ò sọ pé kó o má rí babaláwo o. Ìwòrì Méjì, ọ̀kan nínú àwọn odù Ifá, sọ ọ́ pé nígbà tí Ọ̀rúnmìlà bínú lọ sọ́run tí ayé dàrú, àwọn ọmọ ẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, kò padà, ikin mẹ́rìndínlógún, èkùrọ́ tí wọ́n fi ń dá Ifá, ló kó fún wọn, pé tí wọ́n bá délé, ẹni tí wọ́n á máa bi nù un. Alárá àti Ajerò wà lára àwọn ọmọ yẹn, ará Èkìtì wa níbí. Torí náà ká bi ẹni tó ti lọ léèrè kì í ṣe nǹkan àjèjì. Tó o bá máa lọ, kí àgbà ilé yín mú ẹ lọ, kó o sì fọwọ́ ara ẹ ra ohun ẹbọ lọ́jà, babaláwo tí wọ́n mú mi lọ bá níkẹyìn ò gbà ju owó tí mo fi wọkọ̀ lọ.

Má dá lọ lóru. Má sì lọ láìsọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ, pàápàá tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá wà nílẹ̀, wọ́n á ní o lọ ṣépè fún àwọn.

Mo ti fẹ́ gbàgbé ti itẹ́ òkú tó o béèrè. Bàbá Kékeré sọ fún mi pé tí ọ̀nà ibẹ̀ bá dí, ẹnu ọ̀nà ilé tí òkú gbé ni kéèyàn ti pè é, ó máa gbọ́. Nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni, o lè ṣe é láìrí babaláwo. Omi tútù tí wọ́n ń wí, omi tó mọ́ ni, kì í ṣe ti fíríìjì. O ní ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin ṣì wà ní Ìfàkì, àwọn ló mọ oríkì bàbá yín, àwọn ni kó pe bàbá yín, ìwọ gbé omi dání. Pe màmá yẹn lálẹ́ yìí.